Ìwé Tí Kajitani Kọ Kí Wọ́n Lè Dá A Padà Fún Un

Ọkùnrin kan wà ní ilé-iṣẹ́ abẹ́rẹ́ Kusunose, lẹ́bàá odò Ota ní Hiroshima wa níbí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìtẹríba lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún òun fúnra rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún ipò rẹ̀. Bí o bá tẹríba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò dúró, yóò wúkọ́, yóò máa wo òrùlé títí ìkejì yóò fi dé. Kajitani Morihiko lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà ètò òṣìṣẹ́. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, ọjà ilẹ̀ ti ṣubú ní Japan, àwọn báńkì ńlá ń ti ilẹ̀kùn, gbogbo ilé-iṣẹ́ sì ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi dín èèyàn kù láìlé ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí èèyàn bá wọ̀ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ibẹ̀ náà ni yóò ti fẹ̀yìntì ní ọgọ́ta ọdún. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ ní kíkọ.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí Tokuji, àbúrò ọkọ mi, wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi náà sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kusunose, bàbá bàbá rẹ̀ náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ogun tó dé. Iṣẹ́ ìdílé wọn ni kí wọ́n máa na abẹ́rẹ́ tó bá wọ́. Wọ́n á yí abẹ́rẹ́ láàrin ìka méjì, ìka á sọ ibi tó ti wọ́ fún wọn, wọ́n á fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti tọ́. Ẹ̀rọ kò rí irú rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ọ, ó máa gbà á tó ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òǹtẹ̀. Gbogbo ìwé tó bá ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kusunose, tó ni ilé-iṣẹ́, ọwọ́ mẹ́rìnlá ló máa kọjá, láti orí ẹni kékeré dé orí ẹni ńlá, kálukú á sì tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí i. Kajitani ṣe òfin pé òǹtẹ̀ àwọn tó kéré sí òun kò gbọdọ̀ dúró ṣánṣán. Ó gbọ́dọ̀ fì sí apá ibi tí òǹtẹ̀ tirẹ̀ wà, bí ẹni ń tẹríba. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwọn àgbàlagbà tó níyàwó nílé ló ń jókòó tí wọ́n ń fi rúlà wọn ìtẹríba òǹtẹ̀ wọn. Ti Mikuriya, igbákejì rẹ̀, kò tilẹ̀ fì mọ́. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Nígbà tó wá di ìgbà ìrúwé, wọ́n rán Kajitani lọ sókè òkun fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún pé kó lọ wo bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣètò òṣìṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó dé, lẹ́yìn tí a ti ṣe eré ìdárayá àárọ̀ tán nínú ọgbà, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ẹbí Kusunose!" ó pariwo. "Ojú yìí, ojú tí ẹ ń wò yìí gan-an, ti rí Amẹ́ríkà!"

Mikuriya pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù tẹ̀lé e.

"Mo jókòó ti ọ̀gá ńlá kan. Ní aago mẹ́sàn-án, a mu kọfí. Ní aago mẹ́wàá, ó lé ogójì èèyàn. Ní aago méjìlá, a jẹ ẹran màlúù. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n! Bí ẹni ń gé èékánná ló ṣe ṣe é! Mo tún kọjá sí Jámánì. Ẹ̀yin ẹbí mi, ní Jámánì, olúkúlùkù ló ní ìwé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń de nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ni yóò máa dè. Bí ògiri bá ń wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀tì ni yóò máa dè. Ẹ wo ọkàn tó pa pọ̀! Àwa ńkọ́? Níbí, ẹni tó ń dán abẹ́rẹ́ ló ń gbálẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́, ẹni tó ń kó abẹ́rẹ́ sí páálí ló ń bu tíì. Kí la ti ń pe èyí? Ọbẹ̀ ni! Ọbẹ̀ tí wọ́n ro gbogbo nǹkan pọ̀!"

Sayoko, tó ń kó abẹ́rẹ́ sí páálí láti ogún ọdún, yí sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré, kò tilẹ̀ rántí kí wa kú àárọ̀ mọ́."

"Ó rántí ẹran màlúù," ẹnì kejì fèsì.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Kajitani fi sọ̀rọ̀. Ohun méjì ló jáde nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ó tó di ọjọ́ Ajé, olúkúlùkù yóò gba ìwé iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí kò bá sí nínú rẹ̀. Ìkejì, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò gòkè lọ sí yàrá kan tí a ń kó kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí. Ó ti fún un lórúkọ tuntun: Yàrá Ìrònú Nípa Ọjọ́ Iwájú. Tokuji wà nínú àwọn mọ́kànlá náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Yàrá ọ̀hún kò ní fóònù, kò ní ìwé ìròyìn, kò ní abẹ́rẹ́. Tábìlì mọ́kànlá kọjú sí ògiri. Lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan ni bírò kan wà àti ìwé funfun kan tí a kò kọ nǹkan sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a kì í lé èèyàn ní Kusunose! Wọ́n kàn ní kí wọ́n máa ronú láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago márùn-ún, títí ọwọ́ wọn yóò fi yá láti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra wọn.

Ilé tí Tokuji ń gbé, ti ilé-iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ yóò kó kúrò níbẹ̀ láàrin oṣù kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, àti Fusae, ìyá ọkọ mi, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Wọ́n gbé Fusae wọlé yẹn ní ìyàwó, kò sì tíì sun ibòmíràn rí àfi ní ilé ìwòsàn. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.

"Kí lo ṣe lónìí?" ìyá bi í.

"Mo ronú, Màmá."

"Nípa kí ni?"

"Nípa ọjọ́ iwájú."

"Ní ọjọ́ orí rẹ yìí? Mélòó ló kù nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ya odidi yàrá sọ́tọ̀ fún un?" Ó ti abọ́ ìrẹsì síwájú ọmọ rẹ̀. "Gbọ́, Tokuji. Ohunkóhun tí o bá kọ sórí ìwé yẹn, èmi ni màá kọ́kọ́ kà á. Ilé yìí ni mo ti sin bàbá rẹ, ilé yìí náà lẹ ó ti sin mí. Èmi kì í ṣe àpótí tí wọ́n ń gbé kiri."

"Mi ò kọ nǹkan kan, Màmá."

"Má kọ ọ́. Bí ọwọ́ bá ń yún ọ, wá bá mi bó ẹ̀pà."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá, Onuki, kò lè fara dà á mọ́. Ó kọ̀wé, ó fi sílẹ̀, ó lọ sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyàwó rẹ̀ dé ọ́fíìsì Kajitani láìya irun.

"Ìwé dà?"

"Ìyá wa, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ nìyí o..."

"Ọkọ mi kì í ní láákàyè ní ọjọ́ tí òjò bá rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀! Ìwé dà?"

Orí tábìlì Bàbá Kusunose gan-an ló ti lọ mú un. Bàbá, tó jẹ́ ẹni tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́, fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Inú bí Kajitani débi pé ó kọ òfin kẹta ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Òǹtẹ̀ mẹ́rìnlá dé orí rẹ̀, mẹ́tàlá ń tẹríba, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn: "Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ èyíkéyìí tó bá ti dé ọwọ́ Olórí ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ẹni yòówù kó jẹ́."

Ó bu ọlá fún ara rẹ̀ nípa "ẹni yòówù kó jẹ́" yẹn. Ó ní ó dùn létí.

Wàyí o, àwa náà ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ti Kusunose nìkan ni, kì í ṣe ti gbogbo alábẹ́rẹ́ Japan. Lọ́dọọdún, ní ìgbà ìrúwé, a máa ń so ọ̀já pupa mọ́ orí, a ó pariwo lẹ́nu géètì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó sì wọlé lọ ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ojú lè ti Bàbá. Ó sábà máa ń tì í. Nishigaki ni alága ẹgbẹ́, ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan parí kí oúnjẹ tó tutù.

"Toku-san, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" ó bi Tokuji níbi ìpàdé. "Wọn ò lé yín. Mo lè bínú sí lílé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí ìrònú?"

Tokuji fa ìwé iṣẹ́ rẹ̀ yọ. "Ẹ wò ó. 'Na abẹ́rẹ́ tó wọ́.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sayoko, kí ni tìrẹ ní?"

"'Kó abẹ́rẹ́ sínú páálí.'"

"Ta ló ń bu tíì fáwọn àlejò?"

"Èmi náà ni."

"Ó wà nínú rẹ̀?"

Sayoko yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Kò sí níbẹ̀ o."

"Ta ló ń ṣí géètì láàárọ̀?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé."

"Inú ìwé ta ló wà?"

Kò sí ti ẹnikẹ́ni. Nishigaki pa sìgá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn díẹ̀díẹ̀. "Kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì," ó sọ. "Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú mi. Ìgbọràn ni. A ó gbọ́ràn sí ọ̀gá wa lẹ́nu dé ibi tó lè gbọ̀n."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ò rí ìgbọràn rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, igba èèyàn dúró ní títì lẹ́yìn géètì tí a tì, kálukú mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Kajitani fúnra rẹ̀ ló ṣí i, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ aláwọ. Rédíò eré ìdárayá lù, Mikuriya nìkan ló ń fò sókè nínú ọgbà. Iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kú. Pípààrọ̀ gílóòbù kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, nítorí náà àwọn ọ̀gá mẹ́sàn-án ń fi ìṣáná wọlé, tí àwa ń gbọ́ "áà!" láti inú òkùnkùn. Fóònù dún láti aago mẹ́wàá dé aago kan. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ń wò ó pẹ̀lú àánú, torí ìwé tirẹ̀ ní "kọ lẹ́tà". Àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n gbà wọlé lóṣù kẹrin dúró nídìí ẹ̀rọ bí òpó, kò sẹ́ni tí wọ́n yàn láti kọ́ wọn. Abẹ́rẹ́ wíwọ́ ń bọ̀ láti ẹ̀rọ, tábìlì àwọn anabẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ronú lókè ṣófo, Sayoko sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí páálí. Wọ́n ní kó kó o, wọn ò ní kó wò ó.

Kajitani jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Mikuriya, gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí! Jámánì gan-an nìyí."

"Mo gbọ́ òórùn Jámánì pàápàá, Ọ̀gá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà làwọn ará Osaka dé. Èèyàn méjì ni wọ́n, láti ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń ra ìdajì gbogbo abẹ́rẹ́ wa. Òjò ń rọ̀. Atẹ́gùn ti ti géètì. Wọ́n dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó fi èjìká ṣí i. Ẹni tí wọ́n bá pàdé á tẹríba dáadáa, á sì sọ pé, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú òjò. Ẹ dárí jì mí, kíkí àlejò káàbọ̀ kò sí nínú ìwé mi." Nígbà tí wọ́n máa fi rí ọ́fíìsì Kajitani, bàtà wọn ń sunkún.

Àgbà nínú wọn kò jókòó. Ó da àpò kékeré kan sórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ wa ni, gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́.

"Ó ń ṣẹ́ lójú ẹ̀rọ," ó sọ. "Obìnrin kan ní Sakai fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ojú. Níbo ni àwọn àgbààgbà yẹn wà, àwọn tó ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Wọ́n wà lókè," Kajitani sọ. "Wọ́n ń ronú."

"Ọjọ́ tí wọ́n bá ronú tán, kí ẹ pè wá." Wọ́n sì lọ.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Àṣà kan wà láàrin àwọn ẹni ńlá wa. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣe àṣìṣe tó tóbi, yóò kọ ìwé kan tó fi ń béèrè pé, "Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n dúró?" Yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú olórí, yóò sunkún níwọ̀nba. Olórí yóò tì í padà, á ní, "Ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn." Gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n máa tì í padà. Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Kajitani pinnu láti ṣe tirẹ̀ ní gbọ̀ngàn, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ojú lè ti àwọn mọ́kànlá tí wọ́n jókòó ti ìwé funfun. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe ìdánrawò.

"Mikuriya, ìwọ jẹ́ Bàbá."

"Èmi kò tó bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

"Jẹ́ Bàbá!"

Mikuriya jẹ́ Bàbá. Kajitani sunkún níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹkún kejì yẹn ló dùn jù," Mikuriya sọ. "Ti ojú òsì ló kọ́kọ́ bọ́. Ara mi bù máṣọ."

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Kajitani wọ kóòtù dúdú, ó gun orí pèpéle.

"Èmi Kajitani," ó sọ, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe yẹ, "tí mo ti sáré káàkiri ayé nítorí yín, tí oorun kò kun ojú mi nínú ọkọ̀ òfuurufú, gba ẹ̀bi òjò, ẹ̀bi géètì, ẹ̀bi Osaka! Bí ẹni ńlá bá lè gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ẹ̀yin kan wà tí mi ò ní dárúkọ, tí ẹ jókòó lókè, ẹ bi ara yín léèrè!" Ó tẹríba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Ojú òsì ló kọ́kọ́ sọ omi.

Bàbá Kusunose kà á. Ó nu ìgò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Gbogbo wa ń dúró de ìgbà tí yóò tì í padà. Bàbá wo ògiri.

"Mikuriya, ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀."

Mikuriya kà á. Nígbà tó dé "ẹni yòówù kó jẹ́", ohùn rẹ̀ ti di ti ẹ̀fọn.

"O bi mí bóyá kí o lọ," Bàbá sọ fún Kajitani. "Òfin rẹ ti dá ọ lóhùn." Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. "O ṣé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe kékeré."

Kajitani kò gbé orí rẹ̀ sókè. A rò pé ìtẹríba ṣì ni, àfi ìgbà tí wọ́n fi àga sábẹ́ rẹ̀.

Bó bá parí síbẹ̀, ǹ bá rẹ́rìn-ín kí n sì dákẹ́. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mikuriya ti jókòó sórí àga ọ̀gá rẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ tó ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ọdún méje sì nà ró gbọingbọin. Ó gòkè lọ sí yàrá ìrònú.

"Bí ọ̀gá àgbà bá lè lọ," ó sọ fún àwọn mọ́kànlá, "ta ni yín? Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ ìwé yín. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, màá bá a kọ ọ́, kó kàn tẹ òǹtẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Tokuji jáde lọ ra oògùn ẹ̀yìn fún ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí Kajitani lórí bẹ́ǹṣì létí odò, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú báàgì aláwọ, abọ́ oúnjẹ lórí itan.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ọ̀gá."

Kajitani fò sókè. "Tokuji! Mo... àbẹ̀wò ni mo wá ṣe."

"Sáwọn ẹyẹlé?"

"Sí àyíká! Sí àyíká lápapọ̀!"

Tokuji jókòó tì í. "Ìyàwó yín ló se oúnjẹ yẹn?"

"Òun ni."

"Ẹ ò tíì sọ fún un."

Kajitani wo ìrẹsì rẹ̀. "Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Ojú ìwé mẹ́jọ ni, mi ò sì tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà."

"Ṣé ẹ fẹ́ padà?"

"Tokuji, èmi ni mo fi ọ́ sínú yàrá yẹn."

"Mo mọ̀, mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìfẹ́ yín ló ń pa mí. Ìwé yín ni Mikuriya fi ń halẹ̀ mọ́ wa. Bí wọ́n bá lè gba tiyín, wọ́n á gba tèmi, ìyá mi á sì kó kúrò nílé. Àfi kí wọ́n dá tiyín padà."

Nígbà tí Tokuji sọ ọ́ nípàdé, Nishigaki fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé sìgá mì.

"Kajitani? Kí àwa jà fún Kajitani?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fáwọn ẹyẹlé!" Sayoko pariwo.

"Kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé ní Kusunose," Tokuji sọ. "Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ní 'àfi' nínú? Bó bá ní 'àfi Kajitani' lónìí, lọ́jọ́ Ẹtì yóò ní 'àfi Tokuji'. Ta ló fẹ́ ka orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Sayoko, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Sayoko jókòó padà sórí àga rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni.

Ìṣòro kan ló kù: ẹgbẹ́ kì í jà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kajitani ní láti kọ orúkọ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ lásán. Nínú ẹgbẹ́ wa, ọjọ́ tí o wọlé ni ipò rẹ, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, òun ló sì ń gbé àsíá. Yuka, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń gbé e láti oṣù kẹrin, nà án sí i.

"Ẹ gbà á, àbúrò," ó sọ. "Ẹ di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa, atẹ́gùn máa ń fà á."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, igba èèyàn dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀já pupa níwájú orí. Àwọn mọ́kànlá ló wà níwájú. Fusae wà láàrin wọn lórí àga tí Tokuji gbé jáde, aṣọ òtútù lórí itan rẹ̀. Kajitani wà lẹ́yìn pátápátá. Nishigaki pariwo, "A kò fẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni!" A tún un sọ. Ohùn Kajitani sì borí ti gbogbo wa, torí ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń kọ́ ọ. Kí a tó mọ̀, ó ti gun orí àpótí, àsíá lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ẹbí Kusunose! Ní Jámánì, mo gbàgbé láti sọ fún yín, aṣojú òṣìṣẹ́ ń jókòó sí tábìlì kan náà pẹ̀lú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́! Mo fi ojú mi rí i! Wọn kò lè fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀! Omi inú jọ́ọ̀gì kan náà ni wọ́n jọ ń mu!"

Nishigaki yíjú padà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí látọjọ́ yìí?"

"Nígbà yẹn," Kajitani sọ, "mo rò pé àṣìṣe wọn ni."

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí. Bàbá Kusunose jáde pẹ̀lú bàtà inú ilé ní ẹsẹ̀. Ó wo àwọn mọ́kànlá, ó wo Fusae, Fusae sì wò ó padà láìṣẹ́jú, torí ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Lẹ́yìn náà ló wo ẹni tó ń gbé àsíá.

"Kajitani, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí o ti ń sọ̀rọ̀, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí o ń sọ."

Ó wọ gbọ̀ngàn lọ. A gbọ́ ìró ìwé tó ń ya kúrò lára ògiri. Nígbà tó jáde, ìwé Kajitani wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Àga rẹ ti lọ. Iṣẹ́ ló kù. Ẹ̀yin mọ́kànlá, ẹ padà sídìí abẹ́rẹ́. Tokuji, sọ fún ìyá rẹ kó má palẹ̀ ẹrù mọ́."

"Èmi ò palẹ̀ nǹkan kan mọ́ rí," Fusae sọ láti orí àga rẹ̀.

Gbólóhùn tí Bàbá sọ ju mẹ́ta lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ilé rẹ̀ ní ṣe ló sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ti Mikuriya, wọ́n bá a lókè pẹ̀lú òǹtẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ apá ibi tí yóò fì í sí mọ́.

Agogo iṣẹ́ lù. Igba èèyàn tú ọ̀já orí, wọ́n wọlé. Kajitani ṣì wà lórí àpótí, ó ń ṣàlàyé bí jọ́ọ̀gì omi náà ṣe tóbi tó. Nígbà tó wolẹ̀, Tokuji nìkan ló kù nínú ọgbà.

"Kajitani-san, agogo ti lù."

"Mi ò tíì parí."

"Ẹ ó parí ẹ̀ nígbà oúnjẹ. Abẹ́rẹ́ wíwọ́ ti kún páálí méje, ìka yín ò sì mọ nǹkan kan."

Kajitani sọ̀kalẹ̀. Ó ká àsíá, ó na táì rẹ̀, ó gbá àyà síwájú, ó rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ó dé àárín ọgbà, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Tokuji," ó sọ pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dé ibi ẹ̀rọ?"

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn obìnrin ojú fèrèsé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tokuji kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa tẹ̀lé mi," ó sọ. "Ẹ wolẹ̀ o. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀."